Ọwọ́ Ọ̀tún Màmá Ilé Kejì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Ọ̀yọ́, ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí mo lè fi ṣeré bó ṣe wù mí. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń fo okùn lẹ́yìnkùlé wa, èmi á ti mú àlùmọ́gàjí ìyá mi dání, màá ti máa lọ sí ilé kejì. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi níbẹ̀ ni kí n máa gé èékánná màmá arúgbó kan tó ń dá gbé, kí n sì bá wọn lé láàlì sí i kí àwọn èèyàn tó lọ kírun Jímọ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tí ẹ ń na ọwọ́ sórí tìmùtìmù lónìí, tí ẹlòmíì ń fẹ́ atẹ́gùn sí èékánná yín kó lè tètè gbẹ, ẹ ò lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọmọdé nirú ẹ̀ láyé tiwa.

Màmá yìí kì í ṣe ẹbí wa. Ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Òwú ni wọ́n máa ń ràn tà nígbà tí agbára ṣì wà, wọ́n sì ṣì máa ń ràn díẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti bá àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Kùmásí ní ilẹ̀ Gáná kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kò padà wá, ìyá mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ bèèrè. Ọwọ́ òsì màmá máa ń gbọ̀n, débi pé omi kì í dúró nínú ife tí wọ́n bá fi mú. Ìdí nìyí tí ìyá mi fi ní kí n máa lọ. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè,” wọ́n sì ti àlùmọ́gàjí bọ̀ mí lọ́wọ́.

Màmá kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan èékánná tiwọn kí wọ́n tó wo tèmi. Wọn á gbá ọwọ́ mi mú, wọn á tẹ èékánná àtàǹpàkò mi títí á fi funfun, wọn á wá tú u sílẹ̀, wọn á máa wo bó ṣe ń pọ́n padà. Bó bá pẹ́ kó tó pọ́n, wọn á ní ẹ̀jẹ̀ ara mi kò tó, kí n sọ fún ìyá mi kí wọ́n máa fún mi ní ẹ̀fọ́ jẹ dáadáa. Bí wọ́n bá rí ibi tí mo ti fi eyín gé e jẹ, wọn á ní, “Àbí ebi ń pa ẹ́ nílé yín ni?” Wọ́n gbà pé kò sí ohun tó ń ṣe ara tí èékánná kì í sọ. Wọ́n ní ẹni tí àìsàn ńlá bá ṣe, ìlà á gba ìbú èékánná rẹ̀ kọjá, ìlà náà á máa sún síwájú díẹ̀ díẹ̀ títí wọn á fi gé e dànù, ọ̀rọ̀ àìsàn náà á sì tán síbẹ̀. Mo ti fojú ara mi rí i látìgbà náà, òótọ́ ni.

Bí mo bá gé e tán, n kò gbọ́dọ̀ gbá ìgékù rẹ̀ dànù. Mo ní láti ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ sínú ewé, kí n dì í, kí n gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ nídìí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi wọn, kí n sì bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹyọ kan bá ta sọnù, èmi àti màmá á jọ máa fọwọ́ wá ilẹ̀ ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ayé ni wọ́n ń sá fún, nítorí a gbà nígbà náà pé ẹni tó bá rí ìgékù èékánná rẹ lè fi ṣe ọ́ níbi. N kò bi wọ́n léèrè ìdí tó fi jẹ́ ojú kan náà la máa ń bò ó sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan láàlì. Màmá á ti gún ewé rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Alàmísì, wọn á ti fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti kán-ún díẹ̀ pò ó. Èmi á máa lé e sí èékánná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá fi ewé ẹ̀kọ tí a ti fọ̀ wé e, màá sì fi òwú tí wọ́n fúnra wọn ràn dì í. Ẹ̀yin tí ẹ kò lé láàlì rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Bí wọ́n bá ti di ọwọ́ méjèèjì tán, ẹni náà ti di ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Kò lè bu omi mu, kò lè lé eṣinṣin lójú ara rẹ̀. Èmi ni mo máa ń fi ẹ̀kọ sí màmá lẹ́nu, èmi ni mo máa ń họ ẹ̀yìn fún wọn. Wọn á ní, “Òkè díẹ̀. Yà sọ́tùn-ún. Ibẹ̀ náà nìyẹn,” wọn á sì dijú. Wọn á máa sọ̀rọ̀ oríṣiríṣi fún mi títí láàlì á fi mú, ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ Kùmásí. N kò mọ̀ nígbà náà pé láàárín Jímọ̀ kan sí èkejì, kò sí ẹlòmíì tó ń fọwọ́ kan wọn.

Mo ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ti Ìbàdàn wá kí wa, tòun ti ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa kan lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Pupa náà dùn ún wò ju ti láàlì lọ, kò ní kéèyàn di ọwọ́, kò sì ní kéèyàn jókòó pẹ́. Mo ní kó kun gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún mi. Gbogbo ẹni tó bá bá mi sọ̀rọ̀ ni mo ń nawọ́ sí, títí kan àlejò kan tó kàn fẹ́ mọ ọ̀nà ààfin. Ìgbádùn mi kò ju ọjọ́ méjì lọ. Nílé kéwú, alùfáà wa rí i bí mo ti ń fi ìka tọ ara wàláà, wọ́n sì ní kí n dìde. Wọ́n ní omi kò lè gba abẹ́ ọ̀dà yẹn dé ara èékánná, nítorí náà àlùwàlá mi kò pé, kí n sì lọ kí gbogbo ìrun ọjọ́ méjì náà padà. Àwọn ọmọ kéwú fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi ṣíwọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ti padà sílé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé oògùn wà tí wọ́n fi ń nù ún. Mo fi kẹrosíìnì nù ún, kò lọ. Mo bá mú abẹ bàbá mi, mo jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Bí ọ̀dà náà ti ń ṣí ni èékánná ń bá a ṣí. Nígbà tí n ó fi parí, gbogbo rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ó ti là yánnayànna, abẹ sì ti wọ ìka ìfábẹ̀lá mi. Ìka náà wú, ó ṣe ọyún, mo sì sọ fún ìyá mi pé ilẹ̀kùn ló há a.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo mú àlùmọ́gàjí, mo dé ẹnu ọ̀nà màmá, mo wá rántí pé ọwọ́ tèmi ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ojú tì mí. Mo yà, mo gba ọ̀nà ọjà Akẹ̀sán lọ, mo rìn kiri níbẹ̀ títí wọ́n fi kírun tán, mo sì padà sílé. Ìyá mi bi mí bóyá mo ti dé ọ̀dọ̀ màmá, mo ní mo ti débẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń nira. Nígbà tó di Jímọ̀ kejì, n kò tilẹ̀ yà sí ẹnu ọ̀nà wọn mọ́. Jímọ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, débi pé àwọn tó ń tajà l'Ákẹ̀sán ti ń dá mi mọ̀.

Ẹ má rò pé ẹgba ló mú mi jẹ́wọ́. Ìyá mi ló ti ìdí ẹ̀rọ omi dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí inú wọn ń dùn. Wọ́n ní àwọn pàdé màmá lọ́nà, àwọn sì bi wọ́n bóyá mò ń ṣe iṣẹ́ mi bó ti yẹ. Wọ́n ní màmá dáhùn pé, “Ó ń wá dáadáa. Kò pa Jímọ̀ kan jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.” Ìyá mi fi ẹran kún ọbẹ̀ mi lọ́jọ́ náà láti fi yìn mí. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ igi.

N kò lè dúró di Jímọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọgbà màmá lọ, mo bá wọn lórí ẹní níwájú ilé, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún. Mo kúnlẹ̀ láti kí wọn, ojú mi sì bọ́ sórí ọwọ́ yẹn. Ti òsì pupa dáadáa, èékánná rẹ̀ kúrú, ó mọ́. Ti ọ̀tún ti funfun láti ìdí, pupa àtijọ́ kù sẹ́nu nìkan. Èékánná ibẹ̀ ti gùn gan-an, ìdọ̀tí ti wà lábẹ́ rẹ̀, ti àtàǹpàkò sì ti ṣẹ́ dé ẹran, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ọ̀tún tó le ló ń gé ti òsì, òun náà ló ń lé láàlì sí i. Òsì tó ń gbọ̀n kò lè ṣe kankan fún ọ̀tún. Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Wọn kò sọ ohun tí ẹni tí kò ní ju ọwọ́ kan tó dá ṣáṣá yóò ṣe.

Mo bú sẹ́kún. Màmá kò bá mi wí. Wọ́n ní, “Mú ọwọ́ ẹ wá kí n wò ó.” Wọ́n wò ó títí. Wọ́n dìde, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n da iyọ̀ sí i, wọ́n sì ní kí n ki ìka mi bọ̀ ọ́ bó bá ti lọ́ wọ́rọ́. Nígbà tí ọyún rẹ̀ jáde tán, wọ́n fi òrí pa gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún mi, wọ́n rọra ń fọwọ́ rà á bí ẹni ń pa ara ọmọ tuntun. Wọ́n ní, “Ìdí ni èékánná ti ń wá, kò sí ohun tó o ṣe fún ẹnu rẹ̀ tó pa á. Má ha á mọ́. Máa fi òrí pa á láràárọ̀, kó o sì jẹ́ kó rí atẹ́gùn. Kí àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn yìí tó gbó, ọ̀tun á ti yọ.”

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi parọ́ fún ìyá mi nítorí mi. Wọ́n ní, “Bí mo bá sọ pé o kì í wá, wọ́n á nà ẹ́, wàá sì wá. Ẹni tí wọ́n nà kó tó wá, ṣé ọ̀dọ̀ mi ló wá?” 

Mo gé ti ọwọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ náà, mo rọra ṣe ti àtàǹpàkò tó ṣẹ́ yẹn. Mo ṣà á sínú ewé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ìkòkò omi. Màmá ní, “Rọra gbẹ́ ẹ. Èékánná ọmọ mi wà níbẹ̀.” Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ fún mi. Nígbà tí ọmọ wọn kú ní Kùmásí, ọ̀nà jìn, wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò sin ín sọ́hùn-ún, wọ́n gé èékánná rẹ̀ àti irun orí rẹ̀, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n sì gbé e wá fún ìyá rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀. Màmá ní gbogbo ohun tó dé ọwọ́ àwọn kò kún àtẹ́lẹwọ́. “Ibẹ̀ ni mo sin ín sí. Mo wá ń mú tèmi bá a níbẹ̀ ní Jímọ̀ Jímọ̀, kó má baà dá wà.” Alùfáà wa ìbá ní ohun tí wọn yóò sọ sí i. Èmi kò sọ fún alùfáà.

N kò pa Jímọ̀ kan jẹ mọ́ títí mo fi lọ sílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi iṣẹ́ náà lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ nínú ilé wa, mo kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀, mo sì kìlọ̀ fún un nípa ìdí ìkòkò. Nígbà tí mo lọ ṣe Iléyá ní ọdún kejì, ilẹ̀kùn màmá wà ní títì. Wọ́n ní ó ti pé oṣù mẹ́rin tí màmá ti ṣaláìsí. Mo fẹ́ béèrè ẹni tó gé èékánná ọwọ́ ọ̀tún wọn ní àwọn oṣù ìkẹyìn yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin náà rí mi, ilẹ̀ ló ń wò. N kò béèrè mọ́.

Ìgbà yẹn ti jìnnà. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ sì ti fọ́n ká, ọ̀kan l'Ékòó, ọ̀kan l'Ábújá, ọ̀kan ní Kánádà. Wọ́n ń pè mí, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin wá lọ́dún tó kọjá, èékánná àlẹ̀mọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gùn bí ẹnu àkàlà. Kò lè bó ẹ̀pà, kò lè ṣa ìrẹsì, èmi ni mo bá a de bọ́tìnnì ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ipá ṣí ọ̀kan tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ń yọ, mo rí èékánná tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, awọ àlùbọ́sà ni, bíi tèmi ọjọ́ kìíní àná. Mo fún un ní òrí, mo sọ ohun tí màmá sọ fún mi fún un. Ó ní, “Ẹ ṣé, Grandma,” ó jù ú sínú báàgì. Ó lọ ní ọjọ́ kejì, ilé sì padà dákẹ́.

Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni làkúrègbé ti mú ìka ọwọ́ òsì mi. Kò lè pa àlùmọ́gàjí dé mọ́. Mọ́là kan wà ní Sábó tó máa ń gé èékánná kiri àdúgbò wa, tó ń lu àlùmọ́gàjí rẹ̀ pàkà-pàkà kéèyàn lè mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Òun ló ń bá mi ṣe é, títí ó fi lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ lókè Ọya, tí kò sì padà mọ́. Mo fẹnu bà á fún ọmọ mi tó wà ní Kánádà, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo bátìrì ránṣẹ́. Ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí lórí fóònù. Ó ní, “Mummy, ẹ kàn máa ki ìka yín bọ̀ ọ́ ni. Ẹ ò nílò ẹnikẹ́ni mọ́.” Ìròyìn ayọ̀ ló rò pé òun ń fún mi. Mo ní kó ṣeun, mo sì gbé ẹ̀rọ náà sínú dúrọ́ọ̀.

Ní báyìí, kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń wọ̀ lọ sí Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ní àárọ̀ Jímọ̀, sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí yunifásítì níbẹ̀, tó sì ń ṣe èékánná fáwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ó tẹ́ àwọ̀ kútẹ́ẹ̀sì síwájú mi bí ẹni pàtẹ ìlẹ̀kẹ̀, ó ní kí n mú èyí tó wù mí. Mo ní èmi ní àlùwàlá láti ṣe, kó kàn bá mi gé e. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, “Grandma, ìlà kan gba ìbú èékánná yín kọjá o. Ṣé ara yín yá ṣáá?” Ẹ wo ọ̀rọ̀. Àìsàn tó dá mi dùbúlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí n kò sọ fún ọmọ kankan kí wọ́n má baà dààmú, ọmọ ọlọ́mọ rí i lọ́wọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ara ti le. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mò ń lọ sílé.

Jímọ̀ tó kọjá yìí, ó tún gbá ọwọ́ mi mú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, “Grandma, kò tíì hù o. Ọ̀sẹ̀ tó lọ la ṣì gé e.”

Mo ní, “Mo mọ̀. Ṣáà bá mi wò ó.”

Ó wo ojú mi díẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ mọ́ mi, ó da òróró sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ọwọ́ ọ̀tún mi, ìka kan lẹ́yìn èkejì, láì kánjú. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí ọ̀rọ̀ màmá fi yé mi tán. Ta ni èékánná rẹ̀ ń hù tó ohun tí wọ́n ń gé ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ Jímọ̀ wọ̀nyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ni àlùmọ́gàjí mi ń gé, mo sì rò pé mò ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti dára sí i, n kò ní sẹ́ ẹ. Àwọ̀ tí ẹ bá fẹ́ wà, oògùn tí wọ́n fi ń nù ún wà, kò sí ọmọ tó tún máa jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná máa fi abẹ ha ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ilé kejì ti ga, géètì ti wà níwájú rẹ̀, a kì í sì í rán ọmọ lọ síbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá mọ àgbàlagbà kan tó ń dá gbé, tó ń sọ fún yín pé kò séwu, pé òun ò nílò nǹkan kan, ẹ má wo ojú rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.